Ọwọ́ àti Ìwé: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àwọn Tẹkiníṣánnì ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àdúgbò ní Amẹ́ríkà, àti Ohun tí Ó Kàn Wá Níbẹ̀



1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí ó ń jẹun nídìí lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wáyà àti òjé yíyọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni ó fà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó ni ìwé náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé dáadáa, ìjọba àpapọ̀ rán ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa lọ sí òkè òkun láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi yìí wà lára wọn. Amẹ́ríkà ni ó lọ, ọdún méjì ni ó sì lò ní irú ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní community college, èyí tí èmi yóò máa pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ohun tí olùkọ́ sọ sí àárín ojú-ìwé. Ṣùgbọ́n ní etí ìwé, èdè Yorùbá ni ó fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Níbi tí olùkọ́ ti ṣàlàyé pé iná mànàmáná gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ó yí po, tí yóò gbà lọ tí yóò sì gbà padà, kí ó tó lè ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ sí ẹ̀gbẹ́ ni pé iná tí kò bá rí ọ̀nà padà sílé kì í jáde. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni ó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ń sọ ènìyàn di tẹkiníṣánnì. Ìpàdé ọwọ́ àti ìwé ni. Ìpàdé yìí kì í sì í wáyé bí kò bá sí ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ nítòsí ilé, àti èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ dé inú. Ìtàn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ní Amẹ́ríkà ni n ó fi ṣe ẹ̀rí, lẹ́yìn náà ni n ó mú ọ̀rọ̀ wá sílé.

2. Ta ni à ń pè ní Tẹkiníṣánnì?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ẹlẹ́kitiróníìkì ni iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ tí ń fi iná tí kò pọ̀ gbé ohùn, àwòrán tàbí ìṣirò: rédíò, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà, fóònù, ẹ̀rọ tí dókítà fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù. Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ẹnjiníà ni ó ń ro bí ẹ̀rọ yóò ṣe rí, tí ó ń fi ìṣirò yà á sórí ìwé. Oníṣẹ́-ọwọ́ ni ó ń tò ó, tí ó ń tú u, tí ó sì ń jó wáyà pọ̀. Tẹkiníṣánnì wà láàrin àwọn méjèèjì. Ó lè ka àwòrán tí ẹnjiníà yà, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó kà.

Bí a bá gbé tẹlifíṣọ̀n tí kò fi àwòrán hàn wá, oníṣẹ́-ọwọ́ yóò máa pààrọ̀ páàtì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bọ́ sí èyí tí ó bàjẹ́. Tẹkiníṣánnì yóò gbé mítà, yóò wọn iná láti ibì kan dé ibòmíràn, yóò sì mọ ibi tí àwòrán náà kú sí kí ó tó fọwọ́ kan páàtì kankan. Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹnjiníà kì í sábà fi ọwọ́ rẹ̀ tú ẹ̀rọ. Oníṣẹ́-ọwọ́ kò mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ tẹkiníṣánnì ni ó tó pẹpẹ, tí ó tún wọ kèrègbè. Ìbéèrè ìtàn tí ó wà níwájú wa ni pé: níbo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti jáde wá?

3. Ọ̀nà Méjì tí Kò Pàdé: 1901 sí 1941

Ní ọdún 1901, ní ìlú Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, J. Stanley Brown tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama àti William Rainey Harper tí ó jẹ́ olórí Yunifásítì Chicago fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Wọ́n fi ọdún méjì ẹ̀kọ́ gíga lé orí ẹ̀kọ́ girama, kí ọmọ ìlú náà lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yunifásítì láìfi ilé sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 6 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni a sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà. Àtẹ̀gùn sí yunifásítì ni.

Ní ọdún 1917, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tí a ń pè ní Smith-Hughes. Òfin yìí ya owó sọ́tọ̀ fún kíkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé, ṣùgbọ́n ìpele ẹ̀kọ́ tí kò tó kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó wà fún. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé ń lọ ní ọ̀nà tirẹ̀, ọwọ́ sì ń lọ ní ọ̀nà tirẹ̀.

Rédíò ni ó kọ́kọ́ fi àléébù ètò yìí hàn. Ní ọdún 1906 ni Lee de Forest ṣe gílóòbù ìgbóhùnsókè tí ó sọ ní Audion. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ KDKA ní Pittsburgh ka èsì ìbò ààrẹ sórí afẹ́fẹ́. Láàrin ọdún díẹ̀, rédíò ti wọ inú ilé púpọ̀. Ta ni yóò máa tún un ṣe? Yunifásítì kò kọ́ni ní àtúnṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ oníṣẹ́-ọwọ́ kò kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó wà nídìí rédíò. Àwọn oníṣòwò ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ dí àlàfo náà. Láti ọdún 1914 ni National Radio Institute ní Washington ti wà, tí ó fi ìwé ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé rẹ̀. Ní ọdún 1931, Herman DeVry dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Chicago tí ó fi orúkọ de Forest sọ. Owó ni a fi ń wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, ìdí ọ̀gá ni yóò dúró sí, ojú ni yóò sì fi kọ́ iṣẹ́.

4. Ogun, Òfin 1944 àti Orúkọ Tuntun

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó mú ọ̀nà méjèèjì pàdé tipátipá. Ẹ̀rọ rédà, tí ó ń rí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá kí ojú tó rí i, wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì máa ń bàjẹ́ láàrin òkun níbi tí kò sí ẹnjiníà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà dá ètò ẹ̀kọ́ ńlá kan sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀gágun William C. Eddy ní Chicago. Ìdánwò tí a fi ń yan ọmọ wọ inú rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ìdánwò Eddy. Ẹni tí ó bá yege yóò kọ́ ìṣirò àti físíìsì ní òwúrọ̀, yóò sì tú ẹ̀rọ tí ó sì tò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Oṣù ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe ọdún mẹ́rin. Ìlú wá rí i pé ọmọ àgbẹ̀ lè mọ ìdí ẹ̀rọ, bí a bá fi ìdí náà hàn án.

Nígbà tí ogun ń lọ sí òpin, Ààrẹ Roosevelt fi ọwọ́ sí òfin àwọn jagunjagun ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, ọdún 1944. Àwọn tí ó ti ojú ogun dé tí wọ́n fi òfin yìí kẹ́kọ̀ọ́ tàbí kọ́ṣẹ́ tó mílíọ̀nù 7.8. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2.2 nínú wọn ni ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì. Àwọn yòókù wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́, oko tàbí ìdí ọ̀gá. A kò gbọdọ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jagun kan náà kò jẹ nínú àǹfààní yìí bí àwọn aláwọ̀ funfun, pàápàá ní apá gúúsù, níbi tí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti pa sí wọn.

Ní ọdún 1947, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman gbé kalẹ̀, tí George Zook jẹ́ alága rẹ̀, mú àbọ̀ wá lórí ẹ̀kọ́ gíga. Àbọ̀ yìí ni ó sọ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó ní kí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà nítòsí ilé, kí a má gba owó ẹ̀kọ́, kí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ gbogboogbò àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ sì wà lábẹ́ òrùlé kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Bardeen àti Brattain, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Shockley ní ilé ìwádìí Bell, ṣe transistor àkọ́kọ́. Ọdún kan náà ni ìlú gba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà mú, tí ó sì bí ohun tí wọn yóò máa kọ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

5. Ilẹ̀kùn tí Ó Ṣí Sílẹ̀

Transistor kò pẹ́ dé ọwọ́ ará ìlú. Ní ọdún 1954, rédíò Regency TR-1, tí ó ń lo transistor 4, dé ọjà ní iye dọ́là 49.95. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ọdún 1957, àwọn ará Soviet ju Sputnik sí òfuurufú, ìbẹ̀rù sì mú Amẹ́ríkà. Òfin ẹ̀kọ́ tí Ààrẹ Eisenhower fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1958, kò mọ sí ti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan. Apá kan nínú rẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún kíkọ́ àwọn tẹkiníṣánnì. Ní ọdún 1960, ètò ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ California sọ ọ́ di ìlànà pé kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò yóò gba ẹnikẹ́ni tí ẹ̀kọ́ lè ṣe láǹfààní. Láàrin ọdún mẹ́wàá náà, irú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní 400. Foothill College bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọdún 1958, De Anza College sì tẹ̀lé e ní ọdún 1967. Àgbègbè tí àwọn méjèèjì wà ni ayé wá mọ̀ sí Silicon Valley.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó jáde ní girama lánàá ń wọ ibẹ̀, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ fún ogún ọdún ń wọ ibẹ̀ ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ kò tó, wọn kò ní lé e padà. Wọn yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìṣirò.

6. Ohun tí Wọ́n Ń Kọ́

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti ní ẹran ara. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1827. Ó ní bí agbára tí ń ti iná bá pọ̀ sí i, iná yóò ṣàn sí i. Bí ìdènà bá pọ̀ sí i, iná yóò dínkù. Bí bátìrì fólítì 9 bá kojú ìdènà óòmù 450, a ó fi 450 pín 9, ìdáhùn yóò sì jẹ́ 0.02 áńpíà. Lẹ́yìn ìṣirò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé bátìrì àti ìdènà náà kalẹ̀, yóò fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí mítà kò bá sọ ohun tí ìwé sọ, yóò wá ìdí rẹ̀. Nínú yàrá ìwádìí, ìwé ń bi ọwọ́ léèrè, ọwọ́ sì ń bi ìwé léèrè.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti àwọ̀. Páàtì kékeré tí a ń pè ní resistor, tí ó ń dí iná lọ́nà, kéré ju kí a kọ òǹkà sí i lára lọ. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fa ilà aláwọ̀ yí i ká, àwọ̀ mẹ́wàá láti orí òdo dé 9. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè wa mọ ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Dúdú, pupa àti funfun ni orúkọ àwọ̀ tí ó fìdí múlẹ̀ jù lọ ní èdè Yorùbá; àwọn yòókù, ohun tí a rí ní àyíká wa ni a fi ń júwe wọn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gan-an nìyẹn. Ní etí ìwé rẹ̀, ó to nǹkan mẹ́wàá láti òdo lọ: èédú, kòkó, ata, ọsàn, àgbàdo, ewé, aró, àlùkò, eérú, òwú. Resistor tí ó bá ní ilà àgbàdo, àlùkò àti ata yóò jẹ́ 4, yóò jẹ́ 7, òdo méjì yóò sì tẹ̀lé e: óòmù 4,700. Ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà, òun kò ṣi àwọ̀ kà mọ́. Kò sí ohun tí ó sọnù nínú ìmọ̀ náà nígbà tí ó wọ aṣọ Yorùbá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ó rí ibi jókòó sí.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni wíwá ibi tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Olùkọ́ yóò mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan kan jẹ́ nínú rédíò tí ó ń ṣiṣẹ́, yóò sì gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́. Ká sọ pé ìpele 8 ni ohùn ń gbà kọjá kí ó tó dé etí. Ẹni tí kò mọ ìlànà yóò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹkiníṣánnì yóò wọn àárín. Bí ohùn bá dé ìpele kẹrin láìsí ìdíwọ́, a jẹ́ pé ara mẹ́rin tí ó kù ni àìsàn wà. Yóò tún pín in sí méjì, yóò tún pín in. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni yóò wọ̀n ọ́n tí yóò fi dé ibi tí ó bàjẹ́. Páàtì tí ó bá sì wá kù sí ọjà ńkọ́? Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìdí iṣẹ́ àdán nìkan ni ó lè mọ òòbẹ̀ tí yóò bá a dọ́gba.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ti ẹ̀rọ oníṣirò, tí kò mọ̀ ju pé iná wà tàbí pé iná kò sí. Bí a bá to irú ipò bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ pọ̀, oríṣi àmì 256 ni a lè rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ifá ti ń mi orí. Odù kọ̀ọ̀kan ní ojú àmì mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹyọ kan tàbí ẹyọ méjì, odù sì jẹ́ 256. N kò sọ pé babaláwo ni ó ṣe kọ̀ǹpútà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tí ó mọ bí a ṣe ń tẹ odù ti mọ ìṣirò náà ní ìdajì kí olùkọ́ tó la ẹnu.

7. Nígbà tí Iṣẹ́ Yí Padà

Ní ọdún 1958, Jack Kilby kó oríṣiríṣi páàtì jọ sí ara ègé kan ṣoṣo. Ní ọdún 1959, Robert Noyce rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe púpọ̀ irú rẹ̀. Ní ọdún 1971, ilé-iṣẹ́ Intel gbé ègé 4004 jáde, ọpọlọ kọ̀ǹpútà nínú ohun tí kò tó èékánná. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ń dínwó, àtúnṣe rẹ̀ sì ń wọ́n ju kí a ra òmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ atún-tẹlifíṣọ̀n-ṣe ní Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó mọ pípààrọ̀ páàtì nìkan, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìdí kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn àti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, nítorí òfin Ohm kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, Ààrẹ Biden fi ọwọ́ sí òfin tí yóò mú kí wọ́n máa ṣe ègé kọ̀ǹpútà púpọ̀ sí i ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún kan náà, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò Maricopa ní Arizona bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ 10 fún àwọn tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ náà. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ebi kì í dúró de ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá lè fi ènìyàn sí ẹnu ọ̀nà ni, kò lè fi ìdí ilé hàn án. Ìtàn tí a ti sọ kì wá nílọ̀ pé nígbà tí iṣẹ́ bá tún yí padà, ìdí ni yóò gba ènìyàn là.

8. Ọ̀rọ̀ Dé Ilé

Ní ilẹ̀ wa, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ọdún 1935, nípa rédíò onítọ́ọ̀nì tí a fi wáyà fà wọ ilé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí á tó ní tẹlifíṣọ̀n ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ní àbùkù lójú wa. Yaba Higher College, tí wọ́n ṣí ní gbangba ní ọdún 1934, kọ́ àwọn ọmọ wa láti jẹ́ igbákejì fún òyìnbó ni. Oyè rẹ̀ kò tó ti yunifásítì. Ìbínú sí ètò yìí wà lára ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Èkó ní ọdún 1934, èyí tí ó di Nigerian Youth Movement. Ìbínú náà tọ́. Ṣùgbọ́n ó fi èrò kan sílẹ̀ lọ́kàn wa, pé ẹni tí ó wà ní àárín, ẹni ẹ̀yìn ni. Àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ láàrin ìwé-ẹ̀rí HND àti oyè yunifásítì, inú èrò yìí ni ó ti jáde.

Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú. Ní ọdún 1947 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Yábà. Ìgbìmọ̀ Ashby, ní ọdún 1960, kìlọ̀ pé òṣìṣẹ́ àárín kò tó. Pólì Ìbàdàn dé ní ọdún 1970. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ti ṣe gudugudu méje. Síbẹ̀, kì í ṣe inú wọn ni àwọn tí ń tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù wa ṣe ti pọ̀ jù. Ìdí ọ̀gá ni wọ́n wà, wọ́n ń kọ́ṣẹ́, títí wọn yóò fi ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Ẹ lọ sí Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, kí ẹ wo bí ọmọ tí kò wọ pólì rí ṣe ń jó páàtì tí kò tó ìyẹ̀pẹ̀ kan mọ́ ara fóònù. Ọwọ́ wà níbẹ̀. Ìwé ni kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní nǹkan bí ọdún 1983, ọmọ iṣẹ́ kan wà ní ìsọ̀ atún-rédíò-ṣe ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Ó máa ń bi ọ̀gá rẹ̀ pé kí ló dé tí páàtì kan fi gbọ́dọ̀ wà níwájú èkejì. Ìdáhùn ọ̀gá kì í ju pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀gá náà kì í ṣe òǹrorò. Bí òun náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ yìí lọ béèrè ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, wọ́n ní kí ó mú ìwé-ẹ̀rí èdè Gẹ̀ẹ́sì wá. Kò ní i. Ó padà sí ìsọ̀.

Àkókò yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti Amẹ́ríkà dé, tí kò tíì ríṣẹ́, nítorí àwọn tí ó kọ̀wé sí kò mọ ibi tí wọn yóò fi ìwé-ẹ̀rí ọdún méjì rẹ̀ sí. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé àga sí iwájú ìsọ̀ náà. Ọmọ iṣẹ́ yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni eléyìí ń ṣe gan-an?” Ẹ̀gbọ́n mi yóò sì ṣí ìwé, yóò fi èdè Yorùbá ṣàlàyé. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó sọ fún un pé iná tí kò bá rí ọ̀nà padà sílé kì í jáde. Ọmọ iṣẹ́ dákẹ́, ó gbé rédíò kan tí ó ti dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi mítà tọ ọ̀nà ìpadà iná láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì bá wáyà kan tí ó já lábẹ́ òjé tí ojú kò lè rí. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ó ní, “Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?” Fún oṣù díẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi wà nílé, kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wà ní àdúgbò wa. Nígbà tí ó ríṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, ó parí.

9. Èdè ni Ilẹ̀kùn

Àwọn kan yóò sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé àlàyé gbogbo páàtì, àti pé ẹ̀tàn ni kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ Yorùbá ni ó fi yé ara rẹ̀. Èdè tí a fi ń ka orúkọ páàtì yàtọ̀ sí èdè tí òye fi ń wọlé. Ará Amẹ́ríkà tí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ní alẹ́ kò mọ̀ pé àǹfààní ńlá ni òun ń jẹ, nítorí èdè tí ó ń sọ nílé ni olùkọ́ ń sọ. Àwa ni a mọ̀ ọ́n, nítorí a kò ní in.

Kì í ṣe àlá. Láti ọdún 1970, ètò Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ èdè wa, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ aṣáájú fún, ṣe ìwé èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. A ti wá ọ̀rọ̀ fún fóníìmù àti fún àfiwé. A kò jókòó ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rédíò kí á gba ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀bi yìí, ọ̀dọ̀ àwa olùkọ́ èdè ni ó wà, mo sì ka ara mi mọ́ ọn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fi síwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa. Èkíní, kí á lọ sí àwọn ìsọ̀, kí á kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é, kí a tó jókòó sí ọ́fíìsì máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì yóò lò. Èkejì, kí ẹ̀ka wa àti àwọn olùkọ́ pólì pa ọwọ́ pọ̀ láti ṣe ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ìdánwò àṣewọlé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́, kí ó má jẹ́ ìwé-ẹ̀rí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

10. Ìkádìí

A ti rí i pé Amẹ́ríkà kò bí tẹkiníṣánnì ní ọjọ́ kan. Láti akẹ́kọ̀ọ́ 6 ní Joliet títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó lé ní 400 láàrin ọdún mẹ́wàá, ogun, ìbẹ̀rù àti òfin ni ó ń ti ilẹ̀kùn náà ṣí díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó wà nínú ilé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí ni ìpàdé ọwọ́ àti ìwé.

Ọmọ iṣẹ́ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti di ọ̀gá báyìí. Fóònù ni ó ń tún ṣe. Nígbà tí mo lọ kí i ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan lójú mi, mo sì tẹ́tí láti gbọ́ ìdáhùn. Kò sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó gbé mítà, ó ní, “Jókòó. Iná tí kò bá rí ọ̀nà padà sílé, kì í jáde.” Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹnìkan kọ sí etí ìwé ti ń bọ́ ìdílé méjì. Ẹ wo ohun tí odindi ìwé lè ṣe, bí a bá kọ ọ́.